Kí Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tó Mọ Ìdúró

Bí àwọn ènìyàn bá jókòó tí wọ́n ń rojọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnì ni wọ́n máa ń kì ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá: wọn a ní irin tí kì í jẹ koríko tó ń ṣe iṣẹ́ ogún ẹṣin, a-sọ-ọ̀nà-jíjìn-di-ìtòsí, a-gbé-ni-délé-kí-ilẹ̀-tó-ṣú. N kò ní bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìtàn náà láti ìpìlẹ̀ yóò rí i pé, láti ọdún 1886 tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣe ní ìlú Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó gba oorun lójú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ jù lọ ni bí ọkọ̀ yóò ṣe dúró nígbà tí a bá ní kó dúró, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe ní fọ́ mọ́ ọn lábẹ́, àti bí eegun ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò ṣe ní yẹ̀ kó tó délé. Ìṣirò orí ìwé nìkan kò lè yanjú ọ̀ràn wọ̀nyí. Orí òkè ni wọ́n gbé wọn lọ, òkè ló sì sọ òtítọ́ fún wọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò mú ẹsẹ̀ tirẹ̀ wáyé. Ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ló ti yá gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n de irin mọ́ létí, sípíríǹgì tí wọ́n to ọ̀pọ̀ irin pẹlẹbẹ lé ara wọn lórí láti ṣe, àti bíréèkì tí kò ju ègé igi kan lọ, èyí tí ọ̀pá gígùn kan ń tì mọ́ etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí ó lè máa há a mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ìwọ̀nyí tó, nítorí ẹṣin fúnra rẹ̀ ni bíréèkì àkọ́kọ́. Ẹran tó gbọ́n ni, ó mọ ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a sì máa fi ìdí ti ẹrù sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ fún un. Irin kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà kò tètè fura sí. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kàn ń yí tẹ̀ lé ẹṣin ni, kò ní iṣẹ́ méjì ju pé kó gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, òun gan-an ni ẹ́ńjìnì ń yí kí ọkọ̀ tó lè rìn, òun náà ni bíréèkì sì ń dì mú kí ọkọ̀ tó lè dúró, nítorí náà àwọn ọ̀pá igi tó so àárín rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè ní sípóòkù, kò gbé ẹrù nìkan mọ́: a ń lọ́ wọn síwájú, a tún ń lọ́ wọn sẹ́yìn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Lílọ́ yìí ni yóò pa ènìyàn méjì ní òkè Harrow.

Obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jáde lọ dán wò lójú ọ̀nà tó jìn. Ní oṣù Ògún ọdún 1888, Bertha, aya Karl Benz, jí ní kùtù hàì, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀, wọ́n sì gbéra láti Mannheim, ó di ìlú Pforzheim lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìrìn tó lé ní kìlómítà 100, láìsọ fún bàálé ilé. Karl jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde àfi bó bá pé pérépéré. Ṣùgbọ́n Bertha, ẹni tí owó tirẹ̀ wà nínú òwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mọ̀ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àti pé ìwà tó wà lára ọkọ̀ náà, ìbáà dára, ìbáà burú, kì í ṣe inú àgbàlá ni yóò ti hàn. Epo tán lójú ọ̀nà, ó rà á lọ́wọ́ apòògùn kan ní Wiesloch. Ọ̀nà epo dí, ó fa abẹ́rẹ́ ìdífìlà rẹ̀ yọ, ó fi tú u. Wáyà iná bó, ó tú okùn tí ó fi di ìbọ̀sẹ̀, ó fi wé e. Bí a ń gún iyán nínú odó, bí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó.

Gbogbo èyí ni àwọn òpìtàn fẹ́ràn láti máa sọ, nítorí ó dùn létí. Ohun tó wà nínú ìrìn náà fún wa lónìí, ibi òkè ló wà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilẹ̀ ti ga, ọkọ̀ náà, tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, kọ̀ kò gùn. Àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í. Nígbà tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì, igi bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ó ń yọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lára, kò dì í mú bó ti yẹ mọ́. Bertha yà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ bàtà kan ní ọ̀nà, ó ní kó kan awọ mọ́ ojú igi náà. Awọ yìí ni ó di ọkọ̀ mú dé ilé. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ka àbùkù tó rí sílẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè fún jíà kékeré kan sí i, èyí tí yóò máa gun òkè. Karl sì ṣe é. Mo ka obìnrin yìí sí olórí àwọn adánkọ̀wò láyé, kì í ṣe nítorí pé ó kọ́kọ́ rìn nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ó mú ìròyìn tó wúlò bọ̀.

Ọdún 1888 yìí kan náà ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní Belfast, fi rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí wé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ Scotland kan, Robert William Thomson, ti gba ìwé àṣẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n ayé ìgbà náà kò nílò rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé. Fún kẹ̀kẹ́ ológeere, táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ jẹ́ ìgbádùn. Fún ọkọ̀ tó wúwo, ẹnikẹ́ni kò gbà pé ó lè ru ú. Láti fi èyí wò, àwọn Michelin méjì, André àti Édouard, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Clermont-Ferrand, fúnra wọn ló wa ọkọ̀ nínú ìdíje Paris sí Bordeaux àti àbọ̀ rẹ̀ ní oṣù Òkúdu ọdún 1895, ìrìn bí kìlómítà 1,180, nígbà tí kò sí awakọ̀ mìíràn tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ wé ọ̀ràn náà. Émile Levassor ló kọ́kọ́ dé, lórí rọ́bà tó le gbagidi, lẹ́yìn wákàtí bí 48 tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn rárá. Ti àwọn Michelin, táyà wọn ń bẹ́, wọ́n ń pààrọ̀ tíúbù, ó tún ń bẹ́, wọ́n tún ń pààrọ̀, títí wọ́n fi wà lára àwọn tó kẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá wo àbájáde nìkan á ní ojú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí ó fi jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ ìdíje ló ti kọ rọ́bà líle sílẹ̀, nítorí ọ̀nà òkúta Faransé ti fi yé wọn pé ohun tí rọ́bà líle ń dá sí lára táyà, ó ń gbà á padà lára sípíríǹgì, lára ẹ́ńjìnì, àti lára ẹni tó jókòó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, nítorí títí di oṣù Bélú ọdún 1896, òfin ibẹ̀ kò gbà kí ọkọ̀ tí kì í ṣe ẹṣin ló ń fà á rìn ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan ní ìgbèríko, tàbí 2 láàárín ìlú. Nígbà tí wọ́n gbé ìwọ̀n yìí kúrò tí wọ́n fi 14 rọ́pò rẹ̀, eré dé lọ́sàn-án kan, bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò sì tíì dé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé ọdún 1899, ọkọ̀ Daimler ńlá kan jáde láti London lọ sí Harrow. Edwin Sewell, ọmọ ọdún 31, ló ń wà á, ó sì jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ọkọ̀ hàn àwọn tó bá fẹ́ rà. Ẹni tó wá wò ó ni Major James Richer, ọmọ ọdún 63, ọ̀gá ẹ̀ka kan ní ilé-ìtajà Army and Navy ní London. Òun àti àwọn mìíràn jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wúlò fún ilé-iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní Grove Hill, tó rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sì ṣẹ́ kọ́nà nísàlẹ̀, ọkọ̀ gba eré, Sewell sì fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì. Bíréèkì náà mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kò gbà: àárín rẹ̀ dúró, etí rẹ̀ fẹ́ máa lọ, àwọn ọ̀pá igi tó wà láàárín wọn ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, ọkọ̀ jókòó lórí ìdí, ó sì ju gbogbo wọn dànù. Sewell kú lójú ẹsẹ̀. Richer kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀kan lára àwọn ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa ẹni tó ń wà á, wọ́n sì fi àmì ìrántí sí ibẹ̀ ní ọdún 1969.

Ó rọrùn láti dá eré lẹ́bi nínú ọ̀ràn yìí, n kò sì sọ pé eré kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, ohun tó pa àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni pé a fi bíréèkì tuntun sára ẹsẹ̀ àtijọ́. A mú apá kan lágbára, a kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń lò fún ìbọn ńlá àwọn ológun ló gba ipò ti kẹ̀kẹ́ ẹṣin lára ọkọ̀: sípóòkù rẹ̀ nípọn, ìdí wọn há mọ́ ara wọn láàárín láìsí àyè, a sì fi awo irin méjì dì wọ́n níwájú àti lẹ́yìn, pẹ̀lú bóòtù tó la wọn kọjá. Ìyẹn le. Mo ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú pamọ́, igi rẹ̀ ṣì ń dún bí a bá fi ìka kàn án.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìjàǹbá Harrow ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní London pinnu pé kí gbogbo ènìyàn jáde wá wo ohun tí ọkọ̀ lè ṣe. Claude Johnson, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ló ṣètò rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Igbe ọdún 1900, ọkọ̀ 65 gbéra ní Hyde Park, wọ́n gba Bristol, Birmingham, Manchester àti Kendal dé Edinburgh, wọ́n sì gba Newcastle, Leeds àti Nottingham padà dé London ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí, ìrìn máìlì 1,000. Wọ́n fi òkè sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀, Shap àti Dunmail Raise ní àríwá, Taddington ní Derbyshire, wọ́n sì ń wo aago bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gùn wọ́n. Charles Rolls, ẹni tí a óò mọ orúkọ rẹ̀ káyé lẹ́yìn náà, ló gba ẹ̀bùn wúrà pẹ̀lú ọkọ̀ Panhard rẹ̀. Ọdún yìí kan náà ni Wilhelm Bauer kú nínú ọkọ̀ Daimler nígbà tí wọ́n ń sáré gun òkè La Turbie lẹ́bàá Nice. Ọkọ̀ náà ga, ó kúrú, orí rẹ̀ sì wúwo, nítorí náà ni èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1901, Mercedes àkọ́kọ́, fi gùn tó sì súnmọ́ ilẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ayé sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Kò jìnnà sí Taddington ni Herbert Frood ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, láìsí ìdíje, láìsí ẹ̀bùn. Derbyshire kún fún òkè. Frood máa ń wo àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó ẹrù bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé wọ́n ń kan bàtà awọ tó ti gbó mọ́ igi bíréèkì wọn, nítorí igi nìkan a máa yọ̀, pàápàá lásìkò òjò. Ohun tí oníṣẹ́ bàtà Jámánì ṣe fún Bertha Benz, àwọn akẹ́rù òkè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é láìsí ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló ti rí bàtà wọ̀nyí kó tó di ìgbà Frood. Òun ló bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló wà nínú awọ tí kò sí nínú igi, àti pé kí la lè rí tí yóò sàn ju awọ lọ. Láti ọdún 1897 ló ti ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò: ó mú òwú tí wọ́n hun nípọn, ó fi oje àti ọ̀dà rẹ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó le, ó gbé e lọ sórí òkè, ó yí ìwọ̀n oje padà, ó tún gbé e lọ. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní Chapel-en-le-Frith ló dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó ń jẹ́ Ferodo. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń wúwo sí i tó sì ń sáré sí i, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo agbára tó wà nínú eré ọkọ̀, nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, ooru ló ń dà. Ooru náà kò sì ní ibòmíràn tí yóò wọ̀ ju ojú ibi tí bíréèkì ti ń ha irin. Frood bá fi òwú sílẹ̀, ó mú asbẹ́sítọ́ọ̀sì, òkúta tí a lè ran bí òwú tí iná kò sì lè jó.

Ní Birmingham, Frederick Lanchester, tí mo gbà pé kò sí onímọ̀ ẹ̀rọ tó kọjá rẹ̀ nígbà náà, ti lọ síwájú ju ayé rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1902 ó gba ìwé àṣẹ bíréèkì onáwo, tí ègé irin méjì ń há awo tó ń yí mọ́ àárín, irú èyí tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí. Bàbà ló fi ṣe ojú rẹ̀. Bàbà àti irin ń ké tí gbogbo àdúgbò fi ń gbọ́, eruku ọ̀nà sì ń jẹ wọ́n, nítorí náà ayé fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Bí ọgbọ́n Lanchester bá ti pàdé ohun tó wà lọ́wọ́ Frood ní ọdún náà, à bá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Àbùkù kan tún wà tí gígùn òkè fi hàn tí ìsọ̀kalẹ̀ kò lè fi hàn. Bíréèkì tó wọ́pọ̀ nígbà náà jẹ́ ìgbànú irin tó wé mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, yíyí dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ a máa fa ìgbànú náà mọ́ra, yóò sì mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá kú lágbede òkè tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, yíyí yẹn kan náà a máa tú u. Nítorí náà ni wọ́n ṣe so ọ̀pá irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ abẹ́ ọkọ̀, tí awakọ̀ yóò jù sílẹ̀ kó gún ilẹ̀ bó bá fẹ́ gun òkè tó le. Ẹni tó bá ti wọ bọ́lẹ̀kájà rí ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò ní bi wá pé kí nìyẹn: ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń gbé gbòǹgbò igi kan dání, tó ń bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, tó ń fi igi náà dènà táyà ẹ̀yìn lórí òkè, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú ọ̀pá yẹn. Ọwọ́ onítọ̀hún ni ẹ̀mí gbogbo èrò wà, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló sì kéré jù nínú ọkọ̀.

Òfin ọdún 1903 sọ eré ojú títì di máìlì 20 ní wákàtí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ibi tí a ti lè fi òfin dán ọkọ̀ tó ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Èyí ló mú kí Hugh Locke King fi ilẹ̀ ara rẹ̀ àti owó ara rẹ̀ ṣe Brooklands lẹ́bàá Weybridge, ojú eré oníkọnkéré tó yí po, tó gùn ní máìlì 2 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí wọ́n ṣí ní oṣù Òkúdu ọdún 1907. Kí oṣù náà tó parí, S. F. Edge ti fi ọkọ̀ Napier rìn níbẹ̀ fún wákàtí 24, ó rin máìlì 1,581. Kọnkéré náà kò tẹ́jú rárá. Ó ń gbọn ọkọ̀ débi pé sípíríǹgì tó bá la ọjọ́ kan já níbẹ̀ lè la ọdún kan já ní títì. Ṣùgbọ́n ojú eré tó yí po kò lè sọ ohun kan fún ènìyàn nípa òkè, nítorí náà ní ọdún 1909 wọ́n mọ òkè kan síbẹ̀. Kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 352 lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ga ní ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́jọ, àárín rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan nínú márùn-ún, òkè téńté rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé bí ó bá ti ń rẹ ọkọ̀ ni iṣẹ́ ń le sí i. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń gùn ún láti fi jíà wò, wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ láti fi bíréèkì wò: awakọ̀ yóò jẹ́ kó gba eré láti òkè, yóò tẹ̀ ẹ́ lágbede méjì, àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sì wo ibi tó dúró sí. Láti ọjọ́ náà ni dídán bíréèkì wò ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wá ra ọkọ̀, tó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Èsì ọ̀rọ̀ Harrow nìyí lójú tèmi, ó sì gba ọdún mẹ́wàá.

Ti táyà kò tètè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Èrèlé ọdún 1913, Percy Lambert di ẹni àkọ́kọ́ láyé tó rìn ju máìlì 100 lọ láàárín wákàtí kan, ní Brooklands náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ lórí eré níbẹ̀, ó sì kú.

Títí di àkókò yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń dì mú lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rù bíréèkì iwájú ń ba àwọn ènìyàn. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò da orí kodò, tàbí pé kò ní gbọ́ ti sítíárì mọ́. Òkè kò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí a tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń rọ̀ sí, ẹ̀yìn a fúyẹ́, ohun tó fúyẹ́ kò sì lè di nǹkan mú. Arrol-Johnston ní Scotland àti Isotta Fraschini ní Italy gbìyànjú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1910. Nínú ìdíje ńlá tó wáyé ní Lyon ní oṣù Agẹmọ ọdún 1914, Georges Boillot fi Peugeot oníbíréèkì mẹ́rin wọ kọ́nà dáadáa ju gbogbo wọn lọ. Àwọn Mercedes tí bíréèkì wọn wà lẹ́yìn nìkan ló sì gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta, nítorí táyà Peugeot ń jẹ jù. Ogun Àgbáyé Kìíní dé ilẹ̀ Faransé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ogun parí, Hispano-Suiza gbé bíréèkì mẹ́rin jáde ní ọdún 1919, Jimmy Murphy sì fi Duesenberg, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí omi inú páìpù ń tẹ bíréèkì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́gbọọgba, borí ní Le Mans ní ọdún 1921. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó bá ní bíréèkì mẹ́rin a máa gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn, láti kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ọkọ̀ yìí lè dúró kí tirẹ̀ tó dúró.

Sípíríǹgì ló pẹ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, a sì mọ̀ pé ohun tí kò pani kì í yá ẹ̀dá lára láti tún ṣe. Ní Derby, Henry Royce, ẹni tó bá Rolls dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń yí àwọn ìlù irin tó ní kókó lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n lójú kan títí ohun kan yóò fi ṣẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ ni wọn yóò tún rọ. Ìyẹn fi agbára sípíríǹgì hàn, kò fi ìtura rẹ̀ hàn. Ọmọ iṣẹ́ Royce kan, Maurice Olley, tó lọ sí Cadillac ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1930, ló rí àdììtú ìtura. Ó ṣe ọkọ̀ kan tó ru ẹrù irin tí a lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn, sípíríǹgì rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀, ó kó ènìyàn sínú rẹ̀, ó wa wọ́n lọ, ó sì ń béèrè bó ṣe ń ṣe wọ́n. Ohun tó rí yàtọ̀ sí ìgbàgbọ́ gbogbo ayé. Sípíríǹgì iwájú ni wọ́n máa ń mú le ju ti ẹ̀yìn lọ. Olley rí i pé ti iwájú ló yẹ kó rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ kan gegele, ti ẹ̀yìn ń kàn án tẹ̀ lé e. Bí ti ẹ̀yìn bá yára díẹ̀ nínú mímì rẹ̀, yóò bá ti iwájú lọ́nà, ara ọkọ̀ yóò sì dìde, yóò sì wálẹ̀ lọ́gbọọgba, dípò kí ó máa ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ síwá sẹ́yìn. Láti ọdún 1934 ni ìmọ̀ yìí ti wọ inú ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù ń rà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá mì láìfa èkejì.

Ó ku ohun kan tí òkè kò lè dán wò. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì tí Frood rí, tó gba ẹ̀mí àìlóǹkà là lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń hun ún, àwọn tó ń gé e, àti àwọn tó ń tú bíréèkì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa tú àṣírí bíréèkì tí kò dára láàárín ìṣẹ́jú kan. Eruku yìí a máa gba ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kó tó tú tirẹ̀, nígbà tí ẹni tó fà á símú ti darúgbó tí kò sì rántí ọjọ́ tó fà á mọ́. Ọdún 1999 ni wọ́n tó fi òfin lé e kúrò pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ibi iṣẹ́ àwọn mẹ́káníìkì wa, ọmọ iṣẹ́ ṣì ń tú dúrọ́ọ̀mù ọkọ̀ àtijọ́, ó ṣì ń gbé e súnmọ́ ojú, ó sì ń fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù kó tó fi òmíràn sí i. Kí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní aṣọ tí a rẹ sínú omi, kó fi nù ún.